Orí Keje: Ìyá Alágbàtọ́ àti Ọmọ Tó Sọnù Nínú Ìtàn-Àròsọ Onítàn

Èròǹgbà Orí Yìí

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí ó lè:

1. ṣàlàyé ohun tí ó ya ìtàn-àròsọ onítàn sọ́tọ̀ láàrin àwọn ìtàn-àròsọ yòókù;
2. sọ ohun tí ó ń sọ ọmọ nù nílẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àti ọ̀nà tí ẹbí ń gbà wá wọn;
3. fi ìyàtọ̀ hàn láàrin ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ àti ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ ní àsìkò tí ìtàn dá lé;
4. kọ ìran kúkúrú kan nípa ìyá alágbàtọ́ tí ń wá ọmọ rẹ̀.

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní "ọmọ mi kú sàn ju ọmọ mi nù lọ." Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú yóò sunkún, wọn yóò bá a dárò, bó pẹ́ bó yá, ara rẹ̀ yóò balẹ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ nù kò mọ̀ bóyá kí òun máa ṣọ̀fọ̀ ni tàbí kí òun máa retí. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ọmọ tó nù fi máa ń fa òǹkàwé mọ́ra. Bí ìyá tí ń wá ọmọ náà kì í bá ṣe ẹni tó bí i, ìbéèrè mìíràn a tún yọjú: kí ni yóò fi jẹ́rìí pé ọmọ òun ni?

Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni orí yìí dá lé. Nínú ìtàn-àròsọ onítàn, àsìkò tí ìtàn náà dá lé ni ó gbọ́dọ̀ sọ ọmọ nù. Àsìkò yẹn kan náà ni ó sì gbọ́dọ̀ fún ìyá ní ọ̀nà tí yóò fi wá a. Bí ọmọ inú ìtàn bá lè sọnù ní ọdún 1821 bí ó ṣe lè sọnù lánàá, a jẹ́ pé aṣọ àtijọ́ lásán ni òǹkọ̀wé fi wọ ìtàn òde òní.

1. Kí Ni Ìtàn-Àròsọ Onítàn?

Ìtàn-àròsọ onítàn ni ìtàn tí òǹkọ̀wé fi ọgbọ́n orí gbé kalẹ̀ sórí ìpìlẹ̀ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Ogun, ìlú, ọba àti ọdún inú rẹ̀ lè jẹ́ òótọ́, kí ẹ̀dá-ìtàn tó jẹ́ olórí inú rẹ̀ sì jẹ́ ẹni tí kò gbé ayé rí. Nínú lítíréṣọ̀ Yorùbá, eré onítàn ni ó mú ọ̀nà yìí gbajúmọ̀ jù. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà lórí Ìyálóde Ìbàdàn. Adébáyọ̀ Fálétí kọ Baṣọ̀run Gáà lórí ìjòyè Ọ̀yọ́ tí agbára rẹ̀ borí ti ọba.

Ẹni tí yóò kọ irú ìtàn yìí gbọ́dọ̀ pín ìmọ̀ rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta:

(a) Ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ìjàyè tú ní oṣù Kẹta ọdún 1862. Òǹkọ̀wé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti yí èyí padà.

(b) Ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀. Obìnrin ẹlẹ́kọ kan sá kúrò ní Ìjàyè, ọmọ tó ń tọ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ orúkọ irú obìnrin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó sọ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ibí yìí ni oko àròsọ.

(d) Ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀. Obìnrin náà kò lè rán wáyà, kò lè wọ ọkọ̀ ojú irin, kò sì lè lọ fẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Bí òǹkọ̀wé bá fi ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí sí i, ìtàn ti bàjẹ́.

2. Ohun Tí Ó Ń Sọ Ọmọ Nù

Ogun ni ó kọ́kọ́ wà níwájú. Ogun Òwu bẹ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1820, Ọ̀yọ́-Ilé tú ní àwọn ọdún 1830, ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ní 1860, ti Kírìjì sì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, wọn kò tú àgọ́ ká títí di 1893. Láti ìwọ̀-oòrùn, ọmọ ogun Dàhómì ń kó ìlú Ẹ̀gbádò, wọ́n sì gbógun ti Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀ ní 1851 àti 1864. Nígbà tí ìlú bá tú, ẹrú ni àwọn tí ọwọ́ bá tẹ̀. Ìyá lè bọ́ sọ́wọ́ jagunjagun kan kí ọmọ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ òmíràn, kí wọ́n má sì fojú kan ara wọn mọ́.

Bí ogun ò tilẹ̀ sí, gbọ́mọgbọ́mọ ń bẹ lójú ọ̀nà oko àti odò. Ìwọ̀fà náà wà. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú: iṣẹ́ rẹ̀ ni èlé lórí owó tí òbí yá, ọjọ́ tí òbí bá san owó náà ni ó ń padà sílé. Ṣùgbọ́n bí ogun bá kó ilé olówó, ogun kò ní yọ ọmọ ìwọ̀fà sílẹ̀.

Ibi tí ọmọ yóò gbà lọ lẹ́yìn èyí yàtọ̀ láti ìgbà dé ìgbà, ó sì yẹ kí òǹkọ̀wé mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú fún àwọn ará tirẹ̀ ní 1807, ọkọ̀ ogun wọn sì ń dá ọkọ̀ ẹrú dúró lójú òkun, wọ́n ń kó àwọn tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ lọ sí Freetown ní Sàró. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ń bọ́ lọ́wọ́ wọn tí ń dé Bàhíà ní Brazil àti Havana ní Cuba. Nítorí náà, ọmọ tí wọ́n mú ní 1821 lè wà ní Freetown tàbí ní òkè òkun. Ní ti ọmọ tí wọ́n mú ní 1862, nígbà tí òwò orí omi ti ń kú lọ, inú oko ológun kan ní Ìbàdàn tàbí ilé oníṣòwò kan ní Ìjẹ̀bú ni ó ṣeé ṣe jù kí ó wà. Ọdún tí ọmọ nù ni yóò sọ ibi tí a ó ti máa wá a.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dá ọmọ mọ̀ náà ní ti ìgbà rẹ̀. Kò sí àwòrán lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìlà ojú ń sọ ìlú tàbí ìran. Orúkọ àmútọ̀runwá ń sọ bí a ṣe bí ọmọ. Oríkì ń sọ orílẹ̀ rẹ̀. Àpá ara sì ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Ọmọ kékeré lè gbàgbé orúkọ bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà kì í pa rẹ́ lójú.

3. Ta Ni Ìyá Alágbàtọ́?

Ẹnìkan ní ń bímọ, igba ènìyàn ní ń bá ni tọ́ ọ. Láyé àtijọ́, ọmọ lè dàgbà lọ́wọ́ ìyá àgbà, lọ́wọ́ àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, tàbí lọ́wọ́ ìyàwó ilé tí kò rí ọmọ bí. Ọmọ òrukàn kì í wà láìní ilé níwọ̀n ìgbà tí agboolé bá ṣì dúró. Kò sí ìwé tí wọ́n ń fọwọ́ sí. Ẹ̀rí rẹ̀ ni àwọn aládùúgbò tí wọ́n mọ ẹni tó ń fún ọmọ lóúnjẹ, tó ń di irun rẹ̀, tó ń tọ́jú rẹ̀ nígbà àìsàn. Ogun kì í mú ọmọ nìkan lọ, ó ń tú àwọn ẹlẹ́rìí náà ká. Ìdí nìyẹn tí ìdààmú ìyá alágbàtọ́ fi pọ̀ ju ti ìyá tó bí ọmọ lọ.

Òmíràn nínú wọn wá láti òkè òkun. Ní ọdún 1853, Anna Hinderer àti ọkọ rẹ̀ David dé Ìbàdàn, wọ́n sì tẹ̀dó sí Kúdẹ̀tì. Wọn kò bímọ, ṣùgbọ́n ilé wọn kún fún ọmọdé. Lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé lọ́dọ̀ wọn ni ọmọ Olóyè Olúnlọ́yọ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé. Nígbà tí ogun Ìjàyè dí ọ̀nà etíkun, owó tán lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń ta ẹrù ilé kí àwọn ọmọ lè jẹun. Samuel Johnson, tó wá kọ ìwé ìtàn Yorùbá nígbà tó yá, gbé lọ́dọ̀ wọn lọ́mọdé.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe rò pé oyin ni gbogbo àgbàtọ́. Ẹfúnṣetán, Ìyálóde Ìbàdàn, bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo, ọmọ náà sì kú síbi ìkúnlẹ̀. Ó wá gba Kúmúyìlọ́ tọ́. Kúmúyìlọ́ yìí wà nínú àwọn tí wọ́n lẹ̀dí àpò pọ̀ pa á ní 1874, nígbà tí aáwọ̀ òun àti Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, ti dójú ẹ̀. Eré Ìṣọ̀lá tẹnu mọ́ ìkà tó ṣe sí àwọn ẹrú rẹ̀. Àwọn òpìtàn mìíràn tẹnu mọ́ ìjà agbára, owó àti ohun ìjà tó wà láàrin òun àti Ààrẹ. Obìnrin kan náà ni, ìtàn rẹ̀ sì yàtọ̀ nítorí ibi tí oníkálùkù dúró wò ó.

4. Àpẹẹrẹ Méjì Láti Inú Ìtàn

Àpẹẹrẹ Kìíní: Àìná ọmọ Òkè-Ọdàn

Ní ọdún 1848, ọmọ ogun Dàhómì kó Òkè-Ọdàn ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò. Wọ́n pa àwọn òbí ọmọdébìnrin kan tó ń jẹ́ Àìná, wọ́n sì mú un lọ sí ọ̀dọ̀ Ọba Gezo. Ó wà níbẹ̀ títí di 1850, nígbà tí Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Bonetta, wá bá ọba sọ̀rọ̀ lórí fífi òpin sí òwò ẹrú. Forbes gba ọmọ náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn fún Ọbabìnrin Victoria, ó sì sọ ọ́ ní Sarah Forbes Bonetta: orúkọ ara rẹ̀ àti orúkọ ọkọ̀ rẹ̀.

Ọbabìnrin gbé ìnáwó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní 1851 wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Freetown. Ní 1855 ó padà sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń gbé ní Kent lọ́dọ̀ ìdílé Schön. J. F. Schön ti ṣiṣẹ́ ìhìnrere ní Sàró, òun àti Àjàyí Crowther ni wọ́n sì jọ wà nínú ìrìn-àjò odò Ọya ti 1841. Ìyàwó Schön ni Àìná ń pè ní Màmá nínú lẹ́tà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1862, ó fẹ́ James Davies, oníṣòwò ará Sàró, ní ìlú Brighton, wọ́n sì padà wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó sọ àkọ́bí rẹ̀ ní Victoria. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa á ní erékùṣù Madeira ní 1880.

Ẹ wo iye obìnrin tó ṣe ìyá fún un: èyí tí wọ́n pa ní Òkè-Ọdàn, ìyàwó Forbes, ìyàwó Schön, àti ọbabìnrin tí ń sanwó. Bí òǹkọ̀wé bá fẹ́ sọ ọ́ di àròsọ, ó gbọ́dọ̀ pinnu ojú ta ni yóò fi wo ọ̀rọ̀ náà. Anni Domingo, nínú Breaking the Maafa Chain, fún un ní ẹ̀gbọ́n tí òwò ẹrú gbé gba ọ̀nà mìíràn lọ. Ọ̀nà mìíràn tún ṣí sílẹ̀: kí òǹkọ̀wé dúró sí Òkè-Ọdàn lọ́dọ̀ ìbátan kan tó yè, tí kò mọ̀ pé ọmọ tí òun ń wá ti ń tẹ dùùrù nílé àwọn òyìnbó.

Àpẹẹrẹ Kejì: Àfàlá àti Àjàyí

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, ogun kó ìlú Òṣogùn. Wọ́n mú Àfàlá pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, Àjàyí sì wà lára wọn. Wọ́n fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin, wọ́n tà á láti ọwọ́ kan sí òmíràn títí ó fi dé Èkó. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú tó gbé e, ní oṣù Kẹfà ó sì dé Freetown. Níbẹ̀ ló ti kàwé, tó ṣèrìbọmi, tó di Samuel Crowther.

Ìyá rẹ̀ wà nílé. Wọ́n tún mú un lẹ́rú, wọ́n sì tún rà á padà. Láti 1839 ni àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú òkun tí wọ́n sì ti gbé ní Freetown, ti bẹ̀rẹ̀ sí padà wá sí Bàdágìrì àti Abẹ́òkúta. Ní 1846 Crowther bá ẹgbẹ́ ìhìnrere dé Abẹ́òkúta, ìlú tí àwọn tí ogun tú sá sí. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, ìyá àti ọmọ fojú kan ara wọn lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ní 1848, Àfàlá ṣèrìbọmi, ó sì gba orúkọ Hannah.

Àfàlá kì í ṣe alágbàtọ́, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ kọ́ òǹkọ̀wé bí ìpàdé ṣe ń wáyé. Kì í ṣe àlá ló mú wọn pàdé. Àwọn Sàró tí wọ́n padà, Abẹ́òkúta tó gba àwọn aláìnílé, àti ìròyìn tí ń ti ẹnu dé ẹnu ló mú wọn pàdé.

5. Ìran Àpẹẹrẹ

Àròsọ ni ìran yìí. A kọ ọ́ fún ẹ̀kọ́ yìí ni. Abẹ́òkúta ni ó ti wáyé, lọ́dọ̀ obìnrin kan tí ogun lé kúrò ní Ìjàyè.

Ó di ọdún kẹta tí Ìjàyè tú kí ọ̀nà tó bẹ̀rẹ̀ sí là. Nígbà tí Ìyá Ẹlẹ́kọ gbọ́ pé alájàpá kan ti Ìbàdàn dé, ó gbé ẹ̀kọ mẹ́rin lọ bá a, kò gba owó.

"Ẹ kú ọ̀nà o. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọbìnrin kan ni mò ń bèèrè. Yóò ti tó ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ó kọ àbàjà."

"Ta ni kò kọ àbàjà ní Ìbàdàn, ìyá mi?"

"Àpá iná wà lẹ́yìn ọwọ́ òsì rẹ̀. Ìkòkò ẹ̀kọ mi ló jó o. Àdùnní ni mò ń pè é."

"Ìyá tó bí i ńkọ́, kí ló ń pè é?"

"Ìyẹn kú kí ó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Èmi ni mo wò ó."

Alájàpá náà bó ẹ̀kọ kan, ó jẹ ẹ́ tán kí ó tó fèsì. "Bí mo bá rí i, tí olówó rẹ̀ ní kí ló jẹ́rìí pé ọmọ yín ni, kí ni kí n wí?"

"Ẹ ní kí ó sọ ohun tí mo ṣe lálẹ́ ọjọ́ tí ìkòkò jó o. Bí ó bá ní mo fi òrí pa á, tí mo sì gbé e pọ̀n títí ilẹ̀ fi mọ́, bó tilẹ̀ ti ju ọmọ à ń pọ̀n lọ, ọmọ mi ni. Lẹ́yìn náà, ẹ bèèrè iye tí wọn yóò gbà."

"Owó ńlá ni wọn yóò bèèrè."

"Ọ̀kẹ́ méjì wà nílẹ̀. Ẹ̀kọ ni mo fi kó o jọ. N óò tún tà á."

Àlàyé lórí ìran yìí

Èkíní, ọdún mẹ́ta tí obìnrin yìí fi dúró kì í ṣe ọ̀lẹ. Ogun láàrin Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá kò parí nígbà tí Ìjàyè tú. Ó ń lọ títí di nǹkan bí 1865. Ìtàn ló dí ọ̀nà mọ́ ọn, ìtàn ló sì ṣí i.

Èkejì, ẹni tí Ìyá Ẹlẹ́kọ lọ wádìí lọ́wọ́ rẹ̀ bá iṣẹ́ ẹlẹ́kọ mu. Ẹlẹ́kọ ń pàdé ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn kí ìjòyè tó pàdé wọn, nítorí ebi ni ó ń kọ́kọ́ pa arìnrìn-àjò.

Ẹ̀kẹta, ìlà ojú kò tó láti fi dá ọmọ mọ̀, nítorí ọmọ Ọ̀yọ́ kún Ìbàdàn. Ẹ̀rí tó kù ni ohun tó ṣẹlẹ̀ láàrin ìyá àti ọmọ lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni ó fi jẹ́ ìyá, ìtọ́jú ni.

Ẹ̀kẹrin, owó inú ìran náà jẹ́ owó ìgbà yẹn. Owó ẹyọ ni wọ́n ń ná. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ ẹgbàá mẹ́wàá, ìyẹn 20,000 ẹyọ. Ẹni tó bá mọ̀ pé ẹ̀kọ kan kì í ju ìwọ̀nba ẹyọ díẹ̀ lọ yóò mọ bí ọ̀kẹ́ méjì ṣe pọ̀ tó lọ́wọ́ ẹlẹ́kọ.

6. Bí Ìtàn Ṣe Ń Fúnni Ní Ìrètí

Ìtàn amúnilọ́kànle kì í ṣe ìtàn tí gbogbo rẹ̀ parí sí ayọ̀. Àfàlá rí ọmọ rẹ̀. Àwọn òbí Àìná kò wà láàyè láti wá tiwọn. Síbẹ̀, ìtàn méjèèjì lè gbé ọkàn òǹkàwé ró. Ohun tó ń gbé e ró ni kí ẹ̀dá-ìtàn ṣe gbogbo ohun tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ní ìgbà ayé rẹ̀, kí òǹkàwé sì rí i bó ṣe ń ṣe é: ó tọrọ ìròyìn, ó fi owó pamọ́, ó bẹ ẹni tó mọ ọ̀nà, ó gba ọmọ ẹlòmíràn tí ogun jù sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Àṣìṣe mẹ́ta ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe níbí. Wọ́n a jẹ́ kí alábàápàdé lásán mú ọmọ wálé ní ojú ìwé tó kẹ́yìn. Wọ́n a sọ ìyá di ẹni mímọ́ tí kì í bínú, tí kì í jowú ìyá tó bí ọmọ, tí ọkàn rẹ̀ kì í sì rẹ̀ rárá. Wọ́n a sì gbàgbé pé ọmọ náà ń dàgbà níbi tó wà: ó lè ti ní ìyá mìíràn, ó lè ti gbàgbé èdè ilé, ó tilẹ̀ lè má fẹ́ padà. Òǹkọ̀wé tó bá fún ọmọ ní ohùn tirẹ̀ nígbà ìpàdé ni iṣẹ́ rẹ̀ máa ń pé.

Kókó Orí Yìí

1. Ìtàn-àròsọ onítàn kì í yí ohun tó ṣẹlẹ̀ padà; àlàfo tí ìtàn fi sílẹ̀ ni ó ń dí.
2. Ọdún àti ibi tí ọmọ ti nù ni ó ń pinnu ibi tí a ó ti wá a, ẹni tí a ó bi àti iye tí yóò náni.
3. Ẹ̀rí ìyá alágbàtọ́ wà nínú ìtọ́jú tó ṣe, kí òǹkọ̀wé sì fi hàn nínú ìṣe, kì í ṣe nínú ìwàásù.
4. Ìrètí inú ìtàn gbọ́dọ̀ ti inú akitiyan ẹ̀dá-ìtàn wá.

Ìbéèrè àti Iṣẹ́ Ṣíṣe

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ẹrú àti ìwọ̀fà? Báwo ni ogun ṣe lè sọ ìwọ̀fà di ẹrú?
2. Kí ló dé tí ọmọ tí wọ́n mú ní 1821 fi lè wà ní Freetown, tí ti 1862 sì fi lè wà ní Ìbàdàn?
3. Ka ìran Ìyá Ẹlẹ́kọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Fa ohun méjì yọ tó jẹ́ òkodoro ìtàn àti méjì tó jẹ́ àròsọ.
4. "Ìtọ́jú ni ó ń sọ obìnrin di ìyá." Fi Anna Hinderer àti Ẹfúnṣetán gbe ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀ tàbí kí o takò ó.
5. Yan ogun kan nínú àwọn tí a dárúkọ. Lọ bá àgbà kan ládùúgbò rẹ tó mọ ìtàn ìlú rẹ, kí o bèèrè ọ̀nà tí wọ́n gbà sá, ibi tí wọ́n sá sí àti ohun tí wọ́n ń jẹ lójú ọ̀nà. Kọ ìran kan tí kò ju ojú ìwé méjì lọ, nínú èyí tí ìyá alágbàtọ́ ti gbúròó ọmọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Kọ òkodoro mẹ́ta tí o lò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí o kò bá rí mẹ́ta kọ, padà lọ bá àgbà náà kí o tó fi iṣẹ́ rẹ sílẹ̀.